Ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe lè dín owó íǹkì kù lórí ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò ńlá nílé

Ìmọ́lẹ̀Òwúrọ̀ béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Mo ń wá ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti ń tẹ fọ́tò ńlá nílé tipẹ́. Bébà A3+ (tó fẹ̀ díẹ̀ ju A3 lọ) ni ẹ̀rọ tèmi ń gbà, kátíríìjì mẹ́wàá ló ń lò, wọ́n sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ìgbà tí mo jókòó ti iṣẹ́ tí àmì pé íǹkì ń tán kì í yọ. Ohun tó ń kó ìdààmú bá mi jù ni pé fọ́tò tí mo ń tẹ̀ kò pọ̀. Ó lè jẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lóṣù, oṣù mìíràn sì wà tí n kò ní tẹ ẹyọ kan. Síbẹ̀, owó tí mo ti ná sórí íǹkì ti ju owó tí mo fi ra ẹ̀rọ náà lọ. Ṣé kí n máa ra íǹkì olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ṣe ni, àbí kí n pààrọ̀ ẹ̀rọ? Mo fẹ́ kí àwòrán mi pẹ́ lára ògiri, nítorí náà n kò fẹ́ ohun tí yóò ṣá láàrin ọdún díẹ̀.

Aṣírò dáhùn pé:

Ẹ kú ìnáwó o. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí íǹkì yín ń gbà lọ. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ra íǹkì bí ẹni ń da omi sínú ajere, èrò mi sì ni pé àwòrán ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ mi ní àpótí ìdọ̀tí, ìyẹn àpótí ike kékeré kan tó máa ń gba íǹkì tí ẹ̀rọ bá fi fọ orí ara rẹ̀, èèyàn sì lè fọwọ́ yọ àpótí náà. Mo yọ ọ́ lọ́jọ́ kan, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n ìdáná, mo kọ iye tó wọ̀n sílẹ̀, mo sì dá a padà. Lóṣù yẹn, n kò tẹ fọ́tò kankan. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo ń tan ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti tẹ lẹ́tà, tí mo sì ń fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri nígbà tí mo bá ṣe tán. Nígbà tí oṣù parí tí mo tún un wọ̀n, ó ti wúwo sí i débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e sọ̀ tí mo tún gbé e padà sórí òṣùwọ̀n kí n tó gbà á gbọ́. Íǹkì tí mo fi owó mi rà ni, kò sì kan bébà rárá.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ihò tí íǹkì ń gbà jáde ní orí ìtẹ̀wé (apá ẹ̀rọ tó ń da íǹkì sórí bébà) kò nípọn tó fọ́nrán irun kan, bí afẹ́fẹ́ bá sì ráyè débẹ̀, íǹkì a gbẹ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ mọ èyí, nítorí náà bí ó bá ti pẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, yóò fa íǹkì gba gbogbo ihò náà kọjá kí ó tó tẹ ohunkóhun. Bí ẹ bá fa wáyà yọ kí ẹ̀rọ tó parí ètò rẹ̀, kò ní ráyè dé orí ìtẹ̀wé náà ní fìlà rọ́bà rẹ̀, gbígbẹ yóò sì yá kánkán. Bọ́tìnnì ara ẹ̀rọ ni kí ẹ máa fi pa á, kí ẹ sì dúró títí iná rẹ̀ yóò fi kú.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kátíríìjì kàn. Ẹ má ṣe wo iye owó tí wọ́n kọ sára páálí. Iye tí mílílítà kan ń náni ni kí ẹ wò. Kátíríìjì Canon PRO-300 ń gba mílílítà 14.4, ti PRO-1000 sì ń gba 80, èyí tó ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Epson P700 ń lo èyí tó gba 25, P900 tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lo 50. Ẹ pín owó kátíríìjì kan sí iye mílílítà inú rẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ẹ ní àti èyí tí ẹ ń fẹ́, ẹ ó sì rí i pé ẹ̀rọ tó wọ́n lọ́jà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí tí íǹkì rẹ̀ dínwó jù ní mílílítà kan. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bébà ńlá ń jẹ íǹkì ní ìbámu pẹ̀lú fífẹ̀ rẹ̀. A3+ kan fẹ̀ díẹ̀ ju A4 méjì àbọ̀ lọ, A2 kan sì jẹ́ A4 mẹ́rin gẹ́lẹ́.

Atẹ̀wòrán dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ohun tí Aṣírò sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un. Kátíríìjì ńlá dára fún ẹni tí ó ń tẹ̀ déédéé. Epson gba àwọn oníbàárà rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo kátíríìjì tán láàrin oṣù mẹ́fà tí wọ́n bá ti fi í sínú ẹ̀rọ. Bí ẹni tó ń tẹ fọ́tò mẹ́jọ lóṣù bá lọ ra ẹ̀rọ tó ń gba mílílítà 200 ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, íǹkì yóò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, owó tó pọ̀ yóò sì há síbẹ̀ láìṣiṣẹ́. Fún iye tí ẹ sọ yìí, kátíríìjì tó wà láàrin 50 sí 80 mílílítà ni mo rí pé ó bá yín mu.

Ohun mìíràn ni pé kí ẹ má ṣe fi íǹkì àkọ́kọ́ tó bá ẹ̀rọ wá dá ẹ̀rọ lẹ́jọ́. Nínú àwọn ẹ̀rọ tí kátíríìjì wọn jìnnà sí orí ìtẹ̀wé, apá kan nínú íǹkì àkọ́kọ́ yẹn ló ń lọ láti kún inú àwọn ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé e dé orí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ta ẹ̀rọ tó dára dànù nítorí pé wọ́n rí bí kátíríìjì àkọ́kọ́ ṣe yára tán, inú mi kì í sì í dùn tí mo bá gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí orí ìtẹ̀wé má baà dí, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan mo máa ń tẹ àwòrán kékeré kan tí gbogbo àwọ̀ wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n káàdì ìfìwéránṣẹ́ ti tó. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yàrá náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Láàrin ìdá 40 sí 60 nínú 100 ló dára jù, bí afẹ́fẹ́ bá sì gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa rí ìlà tó fọ́ léraléra nínú àyẹ̀wò ihò (àwọn ìlà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ láti fi hàn bóyá ihò kan ti dí).

Lórí àyẹ̀wò ihò yìí gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ti kó mi yọ. Íǹkì tí àyẹ̀wò náà ń lò kò tó nǹkan, nítorí náà òun ni kí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ má ṣe sáré tẹ bọ́tìnnì fífọ. Àmọ́ ìlà àwọ̀ yẹ́lò kì í hàn dáadáa lórí bébà funfun, ojú a sì máa tan ènìyàn jẹ níbẹ̀. Mo máa ń fi ọ̀rá aláwọ̀ búlúù bo iná ìléwọ́, mo sì tan án sórí bébà náà. Lójú ẹsẹ̀, ìlà yẹ́lò á di dúdú, gbogbo ibi tó fọ́ á sì hàn kedere. Bí àwọ̀ kan péré bá ni ìṣòro, tí ẹ̀rọ yín sì gba kí a fọ àwọ̀ díẹ̀ láìfọ gbogbo wọn, ẹ fọ ìyẹn nìkan. Bí ẹ bá fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí kò sàn, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí íǹkì tó ti gbẹ nílò àkókò kí ó tó rọ̀.

Aṣírò tún dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n mi Atẹ̀wòrán, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo ní iyèméjì díẹ̀ lórí títẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé bí wákàtí bíi mélòó kan bá ti kọjá, wọn yóò kọ́kọ́ fọ ara wọn kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun, ìbáà ṣe káàdì kékeré. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìgbà mẹ́rin lóṣù tí a tan án ni ìgbà mẹ́rin tí a ó sanwó ìfọ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń kó àwọn fọ́tò ńlá jọ, mo ń tẹ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan, mo sì ń tẹ kékeré kan láàrin kí orí má baà gbẹ. Kí olúkúlùkù wọn àpótí ìdọ̀tí tirẹ̀ fún oṣù méjì, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí èyí tó jẹ́ òótọ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

Dúdú-àti-Funfun dáhùn pé:

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìfọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ní tèmi o, àwòrán tí mo tẹ̀ tí mo sì jù nù ló jẹ owó mi jù. A3+ mẹ́ta fún fọ́tò kan! Àkọ́kọ́ ṣókùnkùn jù, èkejì mọ́lẹ̀ jù, ẹ̀kẹta ló wá dára.

Ojú kọ̀ǹpútà mi ló ń tàn jù. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ń tàn gan-an, a ó rò pé fọ́tò mọ́lẹ̀ tó, a ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí ẹni tẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Mo dín ìtànyòò rẹ̀ kù sí àárín 80 sí 120 cd/m², mo fi ẹ̀rọ ìwọ̀nwọ̀ (èyí tó ń wọn àwọ̀) tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, ó sì tán.

Ohun kejì tí mo ń ṣe ni pé n kì í tẹ odidi fọ́tò láìtẹ ìlà kékeré rẹ̀ kan ṣáájú. Bí fọ́tò ìyá arúgbó kan bá wà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, èmi yóò gé ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kan òjìji ìlẹ̀kùn, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ní fífẹ̀ àti ogún ní gígùn, ní ìwọ̀n tí yóò fi wà nínú fọ́tò ńlá náà gan-an, n kò ní fún un pọ̀. Mo ń to irú ìlà bẹ́ẹ̀ mẹ́rin sórí A4 kan, mo ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ṣe yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń gbé wọn lọ síbi ògiri tí fọ́tò náà yóò gbé wà. Èyí tí òjìji rẹ̀ kò bá kú, tí awọ ojú rẹ̀ sì ní ẹ̀jẹ̀, òun ni mo ń tẹ̀ lódindi. Kí ìlà yín tó gbẹ, ẹ má ṣe dá a lẹ́jọ́.

Ẹ tún ṣọ́ irú bébà tí ẹ bá yàn nínú ètò ìtẹ̀wé. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mọ iye íǹkì tí yóò dà sórí bébà. Bí ẹ bá fi bébà tí kò dán sínú rẹ̀, tí ẹ sì sọ fún un pé èyí tó ń dán ni, íǹkì dúdú tí kò bá bébà náà mu ni yóò lò, dúdú rẹ̀ kò ní dú tó, ẹ ó sì tún un tẹ̀. Ẹni tó bá ní Epson P800 tàbí 3880 gbọ́dọ̀ tún mọ̀ pé íǹkì dúdú méjèèjì (ti bébà tí kò dán àti ti èyí tó ń dán) jọ ń lo ọ̀nà kan ni lórí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, gbogbo ìgbà tó bá sì ń ti orí ọ̀kan bọ́ sí èkejì ló ń da íǹkì nù. Kó àwọn tí kò dán jọ, kó àwọn tó ń dán jọ. P700 àti P900 kò ní ìṣòro yìí mọ́.

Aláwọ̀Mẹ́wàá dáhùn pé:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn apá tí ẹ béèrè nípa íǹkì olówó pọ́ọ́kú, nítorí mo ti rin ọ̀nà náà. Mo ra kátíríìjì àtúnkún àti íǹkì inú ìgò lọ́wọ́ ẹnìkan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Owó tí mo fi pamọ́ pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ gbogbo àwọ̀ yí padà, awọ ènìyàn di aláwọ̀ ewé, nítorí pé ICC profile (fáìlì tó ń sọ bí àwọ̀ yóò ṣe jáde lórí bébà kan) tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe wà fún íǹkì tiwọn nìkan. Mo ní láti ra ẹ̀rọ ìwọ̀nwọ̀ kí n lè ṣe profile tuntun fún bébà kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò méjì tí mo gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo wá fi mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Èyí tí mo fi íǹkì pigment (tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rún kéékèèké) ti ilé-iṣẹ́ tẹ̀ wà bó ṣe wà, àwọ̀ pupa ti kejì sì ti lọ, ó ku búlúù tó rẹ̀ dànù.

Kì í ṣe pé gbogbo íǹkì bẹ́ẹ̀ kò dára. Àwọn kan dára gan-an, àwọn tó ń tẹ púpọ̀ lójoojúmọ́ sì ń jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n chip ara kátíríìjì (ohun kékeré tí ẹ̀rọ fi ń dá kátíríìjì mọ̀) lè kọ̀ ọ́, àtúnṣe sọ́fítíwià lè dé lóru kan kí ẹ̀rọ má sì gbà á mọ́, bí orí bá sì dí, ọ̀rọ̀ àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lè di àríyànjiyàn. Fún ẹni tó ń tẹ mẹ́jọ lóṣù, tó sì fẹ́ kí fọ́tò pẹ́, n kò gbà á nímọ̀ràn.

Onígò dáhùn pé:

Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ẹ̀rọ oní-ìgò, èyí tí a ń da íǹkì láti inú ìgò sínú rẹ̀. Epson ET-8550 ń tẹ A3+, ìgò rẹ̀ ń gba mílílítà 70 ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì ń ta íǹkì náà, kò sí jìbìtì chip. Lórí iye tí fọ́tò kan ń náni, n kò mọ ẹ̀rọ mìíràn nílé tó sún mọ́ ọn. Àmọ́ kí n sọ òótọ́: márùn-ún nínú íǹkì mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ dye (tí àwọ̀ rẹ̀ ti yòrò sínú omi), dúdú kan péré ni pigment. Fọ́tò inú gíláàsì, tí oòrùn kò kàn, yóò pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè bá pigment dọ́gba. Ẹni tó bá ń tẹ fún ìwé ìkófọ́tòsí tàbí fún ìfihàn ọ̀sẹ̀ méjì, kó rà á. Ti ara ògiri fún ogún ọdún kọ́ nìyí.

Ìmọ́lẹ̀Òwúrọ̀ tún kọ ọ́ pé:

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ń fa wáyà yọ lára ògiri láti ọjọ́ tí mo ti ra ẹ̀rọ yìí, mo rò pé iná ni mo ń fi pamọ́. Mo ti dá a dúró láti òní. N kò ní ra íǹkì mìíràn. Mo fẹ́ lo ohun tó ṣẹ́kù tán, kí n máa tẹ ìlà kékeré ṣáájú, kí n sì máa wá ẹ̀rọ tó ń gba mílílítà 50 tàbí 80. Ìbéèrè kan ló kù: bí mo bá rí PRO-1000 tí ẹnìkan ti lò, kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Atẹ̀wòrán dáhùn pé:

Ẹ ní kí olówó rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò ihò lójú yín, ẹ má ṣe gba èyí tó ti tẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ béèrè ìgbà tó lò ó kẹ́yìn. Ẹ wo iye íǹkì tó kù nínú kátíríìjì méjèèjìlá, nítorí bí mẹ́jọ nínú wọn bá ti fẹ́ tán, owó tí ẹ ó fi rọ́pò wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìdúnàádúrà. Ẹ tún béèrè bóyá àpótí ìdọ̀tí rẹ̀ ti kún. Bí ẹ bá sì gbé e délé, ẹ yí ètò íǹkì aláìláwọ̀ rẹ̀ sí Auto dípò Overall, kí ó má baà máa da á sórí gbogbo bébà níbi tí kò ti nílò rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e sọ́kọ̀, ẹ jẹ́ kí olówó fi bọ́tìnnì pa á tán, kí ẹ sì gbé e ní pẹrẹsẹ. Ó wúwo, ẹni méjì ni kó gbé e.