Èdídí ni memantine, kì í ṣe asà

Ẹni tó dábàá "òògùn asà-ọpọlọ" ní orúkọ Yorùbá fún memantine, òògùn àrùn ìgbàgbé Alzheimer, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú iṣẹ́; ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu. Àmọ́ ìta ni asà ń dúró sí, memantine ní tirẹ̀ sì ń wọnú ihò lọ ni.

Ẹ wo ihò ọ̀hún. Lára awọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló wà; ihò olùgbà NMDA (NMDA receptor) là ń pè é. Glútámétì àti glycine, kẹ́míkà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ló ń ṣí i. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń sinmi, magnẹ́síọ̀mù a dí i pa. Bí iná ara awọ bá yí padà, magnẹ́síọ̀mù a yọ, kálísíọ̀mù a sì wọlé. Kálísíọ̀mù tó wà níta fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju ti inú lọ. Tí glútámétì bá wá pọ̀ lápọ̀jù, tí ihò kò padé, rírọ́ ni kálísíọ̀mù yóò rọ́ wọlé: calpain, ẹ́ńsáìmù kan tí kálísíọ̀mù ń jí, a máa gé prótéènì inú sẹ́ẹ̀lì wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mitochondria, ilé agbára sẹ́ẹ̀lì, a wú, sẹ́ẹ̀lì a kú.

Memantine kì í bá glútámétì du àyè. Ó ń dúró kí ihò ṣí ná, kó tó wọ̀ ọ́ dí. Nítorí náà, "adíje" tí wọ́n tún mú wá fún orúkọ rẹ̀ kò bá a mu. AP5, kẹ́míkà ìwádìí kan, ló ni ín, torí òun ló ń bá glútámétì du ojú kan náà. "Ìdènà" ì bá tiẹ̀ sún mọ́ ọn, nítorí ó ń lúgọ de ihò lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ "ìdènà àrùn". Aláìsàn á rò pé kò ní jẹ́ kí àrùn wá ni.

"Èdídí" ni mo fara mọ́. Èdídí ìgò ṣeé yọ, memantine náà sì ń tètè yọ, kí iṣẹ́ glútámétì tó yẹ lè máa lọ. Bó ṣe pọ̀ tó nínú ara ló ń sọ iye ihò tó dí: 5 mg lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a ó máa fi 5 mg kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí dé 20. Tí kíndìnrín bá ti bàjẹ́ gan-an, 10 ni kó mọ.

Dizocilpine, ẹgbẹ́ memantine tó ń dí ihò kan náà, ńkọ́? Ó wọlé, ó há síbẹ̀, ó ń da orí rú. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn o: èdìdì, láti ara dì, ni ti ìwé tí a kò fẹ́ kó ṣí. Dizocilpine ló ni ìyẹn.