Rímù 20 tàbí 17 fún Hilux tó ń kó ẹrù?

Ọmọ Káfíńtà:
Ẹ̀yin àgbà awakọ̀, mo kí yín o. Táyà 265/65R17 ló wà lẹ́sẹ̀ Hilux mi láti ilé iṣẹ́. Rímù rẹ̀ fẹ̀ ní ìńṣì 7.5, offset rẹ̀ (bí ojú tí rímù fi kan ọkọ̀ ṣe jìnnà sí àárín ìfẹ̀ rẹ̀, ní mìlímítà; bó bá ṣe kéré sí ni rímù ń yọ síta sí) jẹ́ +30. Táyà ti jẹ tán, mo wá ní kí n kúkú pààrọ̀ rímù mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn mi ń fà sí rímù ìńṣì 20 kan, dúdú, tó ń dán gbinrin. Ó fẹ̀ ní ìńṣì 10, offset rẹ̀ jẹ́ -18, táyà 275/55R20 ni wọ́n fi sí i. Ẹni tó ń tà á ní yóò wọlé wẹ́rẹ́, torí ihò mẹ́fà ló ní, 6x139.7 (òbírí tí ihò náà tò sí fẹ̀ ní mìlímítà 139.7), bíi ti Hilux gẹ́lẹ́. Káfíńtà ni mí. Pákó àti irinṣẹ́ ni mò ń kó láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ojú ọ̀dà ni mo ń rìn jù, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé kì í sábà ní ọ̀nà gidi, ẹrẹ̀ ni. Ṣé kí n gbé e?

Afínjú Awakọ̀:
Gbé e, ọ̀gá mi! Kò sí ohun tó yẹ Hilux tó o. Mo lo irú rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Kìkì pé táyà iwájú máa ń ha rọ́bà inú mọ́dígáàdì tí mo bá yí sítíárìn dé òpin, mo sì ní kí wọ́n bá mi gé e díẹ̀.

Bàbá Onísípánà:
Àbúrò mi, jọ̀wọ́, má tíì sanwó. Jẹ́ ká fi ìwọ̀n bá a.

Láti +30 bọ́ sí -18 jẹ́ mìlímítà 48. Bí gbogbo rímù náà ṣe máa sún síta nìyẹn. Tún fi ti ìfẹ̀ kún un: ìńṣì 2.5 ló fi fẹ̀ ju tìrẹ lọ, ìdajì rẹ̀ bọ́ sínú, ìdajì bọ́ síta, bíi mìlímítà 32 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Etí rímù yóò wá yọ síta ní mìlímítà 80. Lọ sídìí ọkọ̀ rẹ báyìí, kó ìka ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, gbé wọn lé etí rímù tó wà níbẹ̀: ibi tó máa dé nìyẹn. Gbogbo ẹrẹ̀ tí táyà bá ta, ara ìlẹ̀kùn rẹ ni yóò máa lẹ̀ mọ́. Bẹ́ríìnì á sì máa gbé ẹrù láti òkèèrè, bí ẹni tó na apá tán kó tó gbé korobá omi. Rọ́bà tí Afínjú ní kí wọ́n gé yẹn, ibi tí wàhálà rẹ̀ ti ń wá nìyí: bí rímù bá ti yọ síta, àyè tí táyà ń gbà yípo á fẹ̀ ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lọ.

Táyà 275/55R20 náà ńkọ́? Rímù tó fẹ̀ ní ìńṣì 7.5 sí 9.5 ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n wá fi wọ 10. Gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 151, ti tìrẹ jẹ́ 172. Ìwọ tó ń gun òkúta lọ síbi iṣẹ́, tí pákó sì kún ẹ̀yìn ọkọ̀, kí lo fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ táyà kúkúrú bẹ́ẹ̀ ṣe?

Àmọ́ ohun tó ń dùn mí jù, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tèmi, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì ni. Nọ́ọ̀tì tó bá rímù alumíníọ̀mù Toyota wá láti ilé iṣẹ́ máa ń ní ọrùn gígùn tó ń wọnú ihò, àti wáṣà pẹlẹbẹ lórí rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rímù tí à ń rà lọ́tọ̀, ẹnu ihò rẹ̀ rí bí àrọ, nọ́ọ̀tì ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló gbà, ti dígírì 60. Mo ra rímù tuntun, ẹni tó bá mi wọ̀ ọ́ fi nọ́ọ̀tì àtijọ́ dè é. Sípánà ké, gbogbo wa ní ó ti le. Lọ́jọ́ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ gbì, gbì, gbì lẹ́sẹ̀ òsì iwájú. Mo rò pé ṣọ́ọ̀kì ni. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì, ó yí. Ọwọ́ lásán ni mo fi yí i! Bóòtù méjì ti kán nínú mẹ́fà. Ihò rímù ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́búlẹ́bú alumíníọ̀mù sì yí i ká bí eérú. Ìyàwó mi àti ọmọ wa méjì ló wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, béèrè irú nọ́ọ̀tì tí rímù náà gbà kó o tó béèrè ohunkóhun. M12x1.5 ni ti Hilux: bóòtù mìlímítà 12, ẹyẹ rẹ̀ jìnnà síra ní mìlímítà 1.5. Fi ìka wé e wọlé kí sípánà tó kàn án, máa dè é ní ìdojúkọ ara wọn, má ṣe dè é yípo. Tó o bá ti rìn tó kìlómítà 80 sí 100, tún fi sípánà oníwọ̀n yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ihò àárín ńkọ́? Mìlímítà 106.1 ni ti Hilux. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, òrùka tó máa dí àyè náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sítíárìn lè máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ. Sì dojú rímù bolẹ̀, wo ẹ̀yìn rẹ̀: wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé sí i lára. Rímù tí kò ní in, fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Bó bá jẹ́ èmi, ìńṣì 17 ni n ó dúró sí, kó fẹ̀ ní 8, offset +20. Mìlímítà 16 péré ló máa fi yọ síta.

Ìyá Awakọ̀:
Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ. Táyà tí mo máa fi sórí 17x8 yẹn ni 265/70R17, irú A/T, ìyẹn ti gbogbo ọ̀nà. Ó fi mìlímítà 26 ga ju tìrẹ lọ, ìdajì rẹ̀ ló máa gbé ọkọ̀ sókè, bíi 13. Máa rántí pé tí géèjì bá ń ka 100, bíi 103 lo ń sá. Má jẹ́ kí wọ́n ta M/T, ìyẹn táyà ẹrẹ̀, fún ọ. Ó mọ ẹrẹ̀ wọ̀ lóòótọ́, mo lò ó rí, àmọ́ lójú ọ̀dà ó ń kùn bí agbo oyin, mi ò lè gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́yìn, tí òjò bá sì rọ̀ kì í di ọ̀dà mú dáadáa.

Wo nọ́ńbà ẹrù ara táyà. 112 ń gbé kílò 1,120. 121 ń gbé 1,450. Èyí tí wọ́n kọ LT sí (táyà ọkọ̀ akẹ́rù) máa ń béèrè afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó lè gbé ẹrù kan náà, má kàn fa iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára ìlẹ̀kùn ọkọ̀ sí i. Ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT, àmì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, pẹ̀lú, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ló ń sọ: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà lè dà bí tuntun lójú kó sì ti dàgbà nínú ilé ìkẹ́rù.

Ọmọ Káfíńtà:
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá, ẹ ṣeun, Ìyá. Mo ti jáde lọ wo nọ́ọ̀tì mi. Ọrùn gígùn, wáṣà pẹlẹbẹ, gbogbo mẹ́rìnlélógún. Ẹni tó ń ta rímù yẹn ò dárúkọ nọ́ọ̀tì rárá. Mo ti pè é pé mi ò rà á mọ́. Ó ku ti táyà àfipamọ́: ṣé 265/65 àtijọ́ lè wà níbẹ̀?

Bàbá Onísípánà:
Ó lè gbé ọ dé ibi tí wọ́n á ti bá ọ lẹ táyà, tó o bá rọra ń lọ. Àmọ́ má ṣe fi ọkọ̀ sí 4WD, tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nígbà tí táyà yẹn bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, torí yíyí rẹ̀ ò dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí owó bá yọ̀ǹda, ra márùn-ún. Sì tọ́jú nọ́ọ̀tì àtijọ́ mẹ́fà sínú ọkọ̀, nítorí rímù àtijọ́ yẹn, nọ́ọ̀tì tuntun ò ní bá a mu.