Ìbéèrè: Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà tó ń yí padà lójú ẹsẹ̀, fún àwọn ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta?

Olùkọ́ Ọnà, Ìbarà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní iṣẹ́ ọnà ní Abẹ́òkúta níbí, mo sì fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì fún wọn nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, lórí irú iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà tí kì í dúró sójú kan: tí ènìyàn bá gbé ọwọ́, àwòrán á yí, tí wọ́n bá lu ìlù, àwọ̀ á mọ́lẹ̀ sí i tàbí kí ó ṣá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ àwòrán yà dáadáa, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti bá ìyá wọn fi ìyẹ́ adìẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ rí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kọ kóòdù rí nínú wọn.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo lè rí kò ju márùn-ún lọ. Fóònù ni àwọn yòókù máa lò. Iná kò ṣeé gbọ́kàn lé, dátà sì ti wọ́n. Ẹnì kan gbà mí níyànjú pé TouchDesigner ni kí n fi kọ́ wọn, ẹlòmíràn ní p5.js ni. Èwo ni kí n mú, báwo ni mo sì ṣe lè ṣètò rẹ̀ tí kò fi ní sú wọn kí ọjọ́ kìíní tó parí? Mo fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan tirẹ̀ tí yóò fi han òbí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Akọ́kóòdù Aṣerò

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. p5.js ni mo fara mọ́, nítorí fóònù tí ẹ mẹ́nu bà yẹn. Ní 2001 ni Casey Reas àti Ben Fry bẹ̀rẹ̀ Processing ní MIT ní Amẹ́ríkà, kí àwọn ayàwòrán tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè máa fi kóòdù ya àwòrán. Nígbà tó di 2013, Lauren McCarthy bẹ̀rẹ̀ p5.js láti gbé ọgbọ́n kan náà wọ inú aṣàwákiri, ìyẹn áàpù tí a fi ń ṣí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì. Fóònù tó bá ti lè ṣí Chrome dáadáa lè ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Tí ẹ bá ti gba fáìlì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kan ṣáájú, tí ẹ sì sọ kọ̀ǹpútà náà di sáfà, ìyẹn èyí tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn yòókù, ẹ lè tan hotspot kí gbogbo fóònù inú yàrá máa wo iṣẹ́ náà láti ibẹ̀ láìná dátà. Kóòdù kíkọ lórí fóònù máa ń nira nítorí pé bọ́tìnì rẹ̀ kéré, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà kan, kí wọ́n sì máa fi fóònù wò ó.

Ohun tí ọ̀gbẹ̀rì gbọ́dọ̀ gbá mú kí ó tó lọ jẹun ọ̀sán ọjọ́ kìíní ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín setup àti draw, apá méjì tí kóòdù p5.js máa ń ní. Ohun tí a bá kọ sínú setup, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kọ̀ǹpútà ń ṣe é. Èyí tí a bá kọ sínú draw, yóò máa tún un ṣe láìdúró, tó bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ gan-an ni àwòrán ti ń di alààyè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ background, àṣẹ tó ń fi àwọ̀ kan kun gbogbo ojú àwòrán, sínú draw, kí wọ́n sì ya róbótó kan síbi tí mouseX àti mouseY, ìyẹn nọ́ńbà ibi tí ìka tàbí máúsì wà, bá tọ́ka sí: róbótó náà á máa tẹ̀ lé ìka wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé background yẹn kúrò nínú draw lọ sínú setup. Kíá, róbótó náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipa sílẹ̀ káàkiri, nítorí kò sí ohun tó ń nu ojú àwòrán mọ́. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí nípò, gbogbo iṣẹ́ sì ti yàtọ̀. Mo ti rí àwọn ọmọ tó hó yèè nítorí ìyẹn nìkan.

Ayàwòrán Pánṣẹ́kẹ́

Mo gbà pẹ̀lú ẹni tó ṣáájú mi, àmọ́ ẹ má ju TouchDesigner nù pátápátá. Ilé iṣẹ́ Derivative ní Toronto, ní Kánádà, ló ń ṣe é. Àpótí kéékèèké la ń fi okùn so mọ́ra níbẹ̀ dípò kóòdù, àwòrán tí àpótí kọ̀ọ̀kan ń mú jáde sì máa ń hàn lójú rẹ̀, tí ènìyàn á fi rí ibi tí iṣẹ́ ti ń yí padà. Ọ̀fẹ́ ni èyí tí kì í ṣe fún òwò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ kò lè ju píksẹ́ẹ̀lì 1280 lọ ní ìbú àti ní òró. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí ti fóònù, ó sì ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára, èyí tó máa ń jẹ bátìrì kíákíá. Ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà yín tó dára jù, kí ẹ so ó mọ́ pirojẹ́kítọ̀ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n rí ibi tí iṣẹ́ yìí lè gbé wọn dé.

Ọmọ Aládìrẹ, Ìtòkú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá máa fi róbótó lásán ṣeré fún ọjọ́ méjì gbáko nígbà tí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa, wà nítòsí. Ẹ kó aṣọ àdìrẹ mélòó kan wá sí kíláàsì. Ẹ tẹ́ ẹlẹ́kọ kan sílẹ̀, kí wọ́n wá bátànì tó ń padà wá nínú rẹ̀, kí wọ́n ka iye ìgbà tó padà wá ní ìbú àti ní òró, kí wọ́n sì wo bí ọwọ́ aládìrẹ ṣe yẹ̀ díẹ̀ láti ọ̀kan sí èkejì. Títún bátànì yà létòlétò, àṣẹ tó ń jẹ́ for ló ń bá wa ṣe é nínú kóòdù. Ní ti yíyẹ̀ ọwọ́ yẹn, ẹ má ṣe fi random, àṣẹ tó ń mú nọ́ńbà ṣáá wá, ṣe é, nítorí ó máa ń fò láti ìbí sọ́hùn-ún, tí àwòrán á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Noise ni kí ẹ lò, èyí tó ti inú ọgbọ́n onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Ken Perlin, wá: nọ́ńbà tirẹ̀ máa ń rọra yọ́ lọ láti ọ̀kan sí èkejì.

Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà wá àwọ̀ ẹ̀lú fúnra wọn. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni kọ̀ǹpútà ń pò pọ̀, láti 0 dé 255. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 20, 30, 90, kí wọ́n gbé aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, kí wọ́n máa fi kún un, kí wọ́n máa yọ kúrò, títí méjèèjì á fi jọra. Aṣọ tí a rẹ lẹ́ẹ̀kan kì í dúdú tó èyí tí a rẹ léraléra, nítorí náà ìdáhùn á yàtọ̀ láti ọmọ dé ọmọ, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá dá background padà sínú draw, tí wọ́n wá fi nọ́ńbà kẹrin, tó ń sọ bí àwọ̀ náà ṣe fẹ́lẹ́ tó, kún nọ́ńbà àwọ̀ mẹ́ta inú rẹ̀, bíi 25, ipa àwòrán kò ní parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ṣá.

Olùkọ́ Ọnà, Ìbarà

Ẹ ṣeun púpọ̀. p5.js ni mo máa lò, àdìrẹ la ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó ku ti ìlù: ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà mọ gángan lù dáadáa. Ṣé fóònù á lè gbọ́ ọ kí ó sì yí àwòrán padà?

Akọ́kóòdù Aṣerò

Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ fi ṣe ìyẹn. Aṣàwákiri kì í jẹ́ kí ojú ìwé lo makirofóònù àyàfi tó bá wá láti https, ìyẹn ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní ààbò, tàbí láti localhost, ìyẹn kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Fóònù tó ń gba iṣẹ́ láti orí hotspot yín lórí http lásán kò ní gbà. p5.sound, àfikún p5.js fún ohùn, ló ń ka bí ohùn ṣe le tó, láti 0 dé 1, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìlù máa ń ta sókè lójijì, á sì tún já wálẹ̀, nítorí náà ẹ fi lerp, àṣẹ tó ń jẹ́ kí nọ́ńbà rọra sún, rọ̀ ọ́ kí àwòrán má baà máa já. Ẹ dán an wò nínú yàrá tí ẹ máa lò gan-an, pẹ̀lú ọmọ náà àti gángan rẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó ga jù tí ẹ rí sílẹ̀, nítorí òun ni ẹ máa fi sínú map, àṣẹ tó ń sọ nọ́ńbà ohùn di nọ́ńbà àwòrán, gẹ́gẹ́ bí òpin òkè. Kí ẹnì kan sì tẹ ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, aṣàwákiri lè kọ̀ láti ṣí ọ̀nà ohùn.