Bí a ṣe lè fi ètò kékeré dán Python inú GDB wò

Àbúrò láti Leeds: Ẹ kú àtijọ́ o, gbogbo ilé. Níbi iṣẹ́ mi, wọ́n ní kí n fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ àṣẹ tí yóò máa darí GDB, irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe inú ètò, kí a lè yé fi ọwọ́ tẹ ohun kan náà lójoojúmọ́. Breakpoint (àmì ibi tí ètò gbọ́dọ̀ ti dúró) tí mo kọ kì í dá ètò náà dúró rárá, kò sì sọ pé àṣìṣe kankan wà. Ètò náà tóbi gan-an, n kò sì mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó wá lo ìsinmi ní Abẹ́òkúta: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ilé wa ní Ìbarà ni mo ti ń kọ èyí. Iná ti lọ láti àárọ̀, ìwọ̀nba bátìrì tó kù ni mo ń lò.

Fi ètò ńlá yẹn sílẹ̀ ná. Kọ kékeré kan tí o ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí o tó ṣí GDB, nítorí pé bí èsì bá yàtọ̀, Python rẹ ni wàá kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí mo ti ọjà Ìtòkú dé lánàá, níbi tí mo ti lọ ra àdìrẹ, mo fi èdè C kọ aso.c: function kan (ìdìpọ̀ àṣẹ tó ní orúkọ) tó ń jẹ́ fikun gba iye, ó rò ó mọ́ apapo tó wà lẹ́yìn òde function, loop (àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe) inú main sì ń pè é láti orí 1 dé 10. 55 ló gbọ́dọ̀ jáde.

Fi gcc -g -O0 aso.c -o aso sọ ọ́ di ètò tó lè ṣiṣẹ́; -g ń fi ìsọfúnni tí GDB nílò sí i. Bí o bá lo -O2, tó ń tún ètò tò kí ó lè yára, GDB lè máa sọ fún ọ pé <optimized out> níbi tí o ti ń retí iye. Tẹ python print(gdb.VERSION) sínú GDB pẹ̀lú, torí pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé Python ti wà nínú GDB láti 7.0 ní ọdún 2009, àwọn kan ṣì ń kọ́ GDB láìfi Python sí i.

Wàyí o, ya class kan (àwòṣe tí a fi ń ṣe nǹkan nínú Python) láti ara gdb.Breakpoint, gbé e sórí fikun, kí stop inú rẹ̀, tí GDB máa ń pè nígbàkigbà tí ó bá dé ibẹ̀, ka int(gdb.parse_and_eval("iye")), kí ó sì dá True padà nígbà tí ó bá jẹ́ 7 nìkan. Mo fura pé ibẹ̀ ni wàhálà rẹ wà: bí o bá gbàgbé return, None ni Python ń dá padà, GDB yóò kà á sí rárá, yóò sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ láìfọhùn. Odindi òru kan ni èyí gbà lọ́wọ́ mi ní Jámánì.

Nígbà tí ó bá dúró, wo apapo. 21 ni wàá rí, kì í ṣe 28, nítorí pé GDB dúró kí ìlà tí ó ń ro iye mọ́ ọn tó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn gdb.execute("finish"), tó ń jẹ́ kí fikun parí, ni yóò di 28; má ṣe fi finish yẹn sínú stop fúnra rẹ̀.

Àbúrò láti Leeds: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Return ni mo gbàgbé lóòótọ́. Ti aso dúró ní 7, mo rí 21. Ṣùgbọ́n nínú ètò ńlá, ó ti wá ń dúró ní gbogbo ìgbà báyìí.

Ẹ̀gbọ́n: Ka ohun tí ó tẹ̀ jáde kí ó tó dúró. Bí stop bá kọsẹ̀ lórí àṣìṣe, GDB a máa dúró ni. Ó jọ pé iye ni o ṣì ń bèèrè lọ́wọ́ function tí kò ní ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.