Ọmọ ìyá ni Amborella, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n

Lórí bí a ṣe máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ewéko sí Yorùbá, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe Amborella ní "ẹ̀gbọ́n àwọn ewéko olódòdó", torí pé ẹ̀ka tirẹ̀ ló kọ́kọ́ yà kúrò lára ìyókù. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn.

Igi kékeré kan tó ń hù ní erékùṣù New Caledonia nìkan ni Amborella. Ní 2013 ni jínóòmù rẹ̀, ìyẹn àpapọ̀ DNA rẹ̀ (èròjà tó ń gbé àbùdá), jáde, ó sì túbọ̀ fi hàn pé òun nìkan ló dá wà lápá kan, tí gbogbo ewéko olódòdó yòókù láyé wà lápá kejì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí oríta bá pín náà ni ọ̀nà méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Èwo wá ni ẹ̀gbọ́n níbẹ̀? "Baba ńlá" tí àwọn kan mú wá tún burú jù ú lọ: baba ńlá wọn ti kú tipẹ́, Amborella ṣì ń rú ewé.

"Ọmọ ìyá" ló bá a mu. Kò sọ ẹni tó dàgbà, kò sọ akọ tàbí abo. Ohun tó sọ kò ju pé inú kan náà ni wọ́n ti jáde. Gẹ̀ẹ́sì, tó ń pe irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ní "sister", ló sọ ọ́ di arábìnrin, ìyẹn ò kàn wá. (Mo fẹ́ràn "iyèkan" náà, àmọ́ mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ ló ṣì ń pè é?)

Kí á sì má fi "ìbátan" ṣòfò lórí ohun tó kàn jọra. Ọ̀ṣíbàtà àti lótọ́ọ̀sì jọ ń gbé inú omi, ewé wọn fẹ̀, òdòdó wọn tóbi, àwọn onímọ̀ àtijọ́ sì kó wọn sí agbolé kan. DNA ló tú wọn ká. Igi plane, tó ga fíofío lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ni ìbátan lótọ́ọ̀sì, òun àti ewéko olódòdó tí wọ́n ń pè ní protea. Ìjọra lásán ló wà láàárín lótọ́ọ̀sì àti ọ̀ṣíbàtà.

Ó ku "ìtò jínóòmù", tí àwọn kan fi ń túmọ̀ "genome sequencing"; mi ò fara mọ́ ìyẹn náà. Àwọn lẹ́tà DNA ti tò kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ kàn ń kà wọ́n ni. Nínú iṣẹ́ tí Kew, ọgbà ewéko ńlá ní London, léwájú ní 2024, jíìnì (abala DNA) 353 ni wọ́n fi wo ẹ̀yà ewéko tó lé ní 9,500. Ewé gbígbẹ wà lára ohun tí wọ́n lò, òmíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 200 ọdún, DNA irú wọn sì ti já wẹ́wẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ ka àjákù kọ̀ọ̀kan, wọn á wá tò wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ méjì nìyẹn, nítorí náà "kíka" ni kí á fún ti àkọ́kọ́, kí "títò" jẹ́ ti èkejì.