Ìdáhùn: fíníà inú Bentley kì í ṣe "ayédèrú pákó"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá dábàá pé kí a máa pe fíníà, ìyẹn pákó dídán tó wà lára dáṣíbọọ̀dù Bentley àti Rolls-Royce, ní "ayédèrú pákó", nítorí pé ńṣe ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan mìíràn lára. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn. Fọmáíkà ni orúkọ yẹn bá mu: bébà tí wọ́n fi oje kẹ́míkà rẹ, tí wọ́n tẹ àwòrán igi sí lára. Igi gan-an ni fíníà.

Kókó tó yọ lára igi wọ́núùtù, igi òyìnbó tí wọ́n ń pè ní walnut, ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí ojú rẹ̀ kì í lọ tààrà. Wọ́n á fi omi gbígbóná rẹ ẹ́ kó lè rọ̀, ọ̀bẹ ńlá á wá máa bẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nǹkan bíi mìlímítà 0.6. Bó ṣe ń jáde ni wọ́n ń tò ó léra, kó má bàa dàrú, torí èyí tó tẹ̀ léra ló jọra. Bí wọ́n bá yí ọ̀kan dà, tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, apá òsì á bá apá ọ̀tún mu bí ènìyàn àti àwòrán rẹ̀ nínú dígí. Ohun tó ń fa olówó mọ́ ọn nìyẹn: kò sí ọkọ̀ méjì tí ojú pákó wọn rí bákan náà.

Ìdí tí mo fi dábàá "ewé pákó" fún fíníà nìyẹn. A ti ń sọ pé ojú-ewé ìwé tẹ́lẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó máa rò pé ewé orí igi là ń wí, torí pákó kì í hu ewé. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tò ó ńkọ́? "Àṣíkojú": a ṣí wọn bí ìwé, wọ́n kọjú síra.

Ẹ tún béèrè pé kí ló dé tí wọn ò lo odindi pákó. Odindi pákó máa ń wú nígbà ọ̀rinrin, ó sì máa ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ gbé e sábẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, á là. Ewé tín-ínrín tí a lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù ò ráyè rìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibẹ̀ le. Bí omi inú ewé ò bá tíì gbẹ tán kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, á sún kì lábẹ́ fáníìṣì, ìlà wẹ́wẹ́ á yọ. Bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù, á gba ihò inú kókó yọ sókè, fáníìṣì ò sì ní mú ibẹ̀ dáadáa. Èyí tó ń dunni jù ni ti sáńpépà: létí pákó, ẹ̀ẹ̀kan péré tí ọwọ́ bá wúwo, ohun tó wà lábẹ́ ewé ti hàn. Kò ṣeé tún ṣe. Ìkejì rẹ̀ náà ti bàjẹ́ nìyẹn, torí ewé igi mìíràn ò lè bá a mu.

Ẹlòmíràn kọ "igi àsálà" fún wọ́núùtù. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó wọ àkójọ ọ̀rọ̀ wa o! Ìtàkùn ni àsálà tiwa, igi onígi ló ń gùn, èso rẹ̀ là ń sè jẹ. Kò ní pákó. Kí wọ́núùtù máa jẹ́ wọ́núùtù.

Lórí pípe iṣẹ́ ara ọkọ̀ wọ̀nyí ní "àfọwọ́ṣe", ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ọ lò. Ní Crewe, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe Bentley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ wà nínú iṣẹ́ ewé pákó; ojú àti ọwọ́ ènìyàn ló ń yàn án, tó ń tò ó, tó sì ń dán an. "Àfọwọ́parí" ló yẹ ẹ́. Àmọ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ọ̀kẹ́rẹ́ fà sí ẹ̀gbẹ́ Rolls-Royce ní Goodwood, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, àfọwọ́ṣe pọ́ńbélé nìyẹn. Bí a bá pe méjèèjì ní orúkọ kan náà, ẹni tó ń ka ìpolówó ọkọ̀ ò ní mọ èyí tí òun ń sanwó fún.