Wọ́n ti fín coating (ọ̀dà tó ń dáàbò bo bọ́ọ̀dù) sí bọ́ọ̀dù ínfátà yìí, síbẹ̀ bàbà ń jẹ lábẹ́ ẹ̀. Kí ló fà á?

omo_wáyà_eko
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́ọ̀dù ínfátà kan wà níwájú mi, ilé kan nítòsí òkun lọ́nà Ajah ló ti wá. Ẹni tó tún un ṣe ṣáájú ti fín coating sí i, ó ń dán gbinrin, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, bàbà ti ń yọ àwọ̀ ewé LÁBẸ́ coating yẹn, nǹkan funfun sì yí ẹsẹ̀ IC (ègé dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀) tó ń darí àwọn MOSFET (àwọn súìṣì iná inú ínfátà) ká. Ṣé ayédèrú coating ni? Mo fẹ́ ṣí i kí n fín òmíì, oníbàárà ti ń pè mí lemọ́lemọ́, mi ò sì fẹ́ kó gbé e padà wá tí òjò bá dé. Báwo lẹ tiẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé coating mú gbogbo ibi tó yẹ?

Baba_Board
Àbúrò, má tíì sọ pé ayédèrú ni. Wo IC yẹn dáadáa, ó jọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ rí, ẹni tó pààrọ̀ ẹ̀ ò fọ fílọ́ọ̀sì (nǹkan bí oje tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì) kúrò, ó kàn fín coating lé e lórí. Coating kì í dá ọ̀rinrin dúró pátápátá o, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, tó bá wá bá iyọ̀ àti fílọ́ọ̀sì níbẹ̀, tí iná DC tún wà láàárín ẹsẹ̀ méjì, bàbà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nìyẹn. IPA (isopropyl alcohol, ọtí tí wọ́n fi ń fọ bọ́ọ̀dù) 99% ni kó o fi fọ̀ ọ́, 70% tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, omi inú ẹ̀ ti pọ̀ jù. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ họ ọ́, kó o wá fi IPA tuntun ṣàn án kúrò, torí tó bá gbẹ síbẹ̀, o kàn tan ìdọ̀tí yẹn káàkiri bọ́ọ̀dù ni.

sodaati_ibadan
Kẹ́ ẹ tó fọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ irú coating tó wà lórí ẹ̀. Ẹ fi owú tó ní acetone díẹ̀ kan igun kan, tó bá yọ́ wéré, acrylic ni, inú yín á dùn (ẹ má jẹ́ kó kan ike kọnẹ́kítọ̀ ṣá). Tó bá rọ̀ bíi rọ́bà tí èékánná ń wọ inú ẹ̀, silikóònù ni, ẹ máa fi ọwọ́ bó o. Tó bá jẹ́ polyurethane, ẹ má fi iron ìjólẹ́ẹ̀dì jó o nínú yàrá tó sé mọ́, èéfín yẹn ò dáa.
Mo tún ti rí àwọn tó ń lo gọ́ọ̀mù silikóònù àwọn plumber, èyí tó ń rùn bíi fíníga. Ásíìdì ló ń rùn yẹn kẹ̀, bàbà gan-an ló ń jẹ!

anti_QC
Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ti bá a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ra coating tí wọ́n ti po èròjà tó ń tàn lábẹ́ UV (ìtànṣán tójú ò lè rí) mọ́, ẹ paná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì UV 365 nm. Ibi tó mú á máa tàn búlúù, ibi tó ṣókùnkùn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ yí bọ́ọ̀dù náà káàkiri, torí ẹ̀yìn capacitor ńlá (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná) ni spray kì í dé, ó sì tún máa ń ṣàn kúrò lórí etí ẹsẹ̀ IC tó mú ṣáṣá kó tó gbẹ.
Bó ṣe yẹ kó nípọn tó ńkọ́? Acrylic, 0.03 sí 0.13 mm, silikóònù, 0.05 sí 0.21. Ẹ fi pẹlẹbẹ irin kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù nígbà tẹ́ ẹ bá ń fín, kẹ́ ẹ fi micrometer (irinṣẹ́ tó ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó) wọ̀n ọ́n ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó nípọn ò dáa, ó máa ń sé afẹ́fẹ́ mọ́nú tàbí kó sán. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ yí bọ́ọ̀dù, ẹ tún fín. Tójò bá ń rọ̀, ẹ fi í lẹ̀, acrylic á funfun mọ́ yín lọ́wọ́.

omo_wáyà_eko
Ẹ ṣé gan-an àǹtí, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Acetone yọ ọ́ wéré. Kọnẹ́kítọ̀ fáànù àti ti bátìrì ńkọ́?

Baba_Board
Fi Kapton tape (tépù tí ooru kì í bà jẹ́) bò wọ́n, àti preset (èyí tí wọ́n ń fi screwdriver yí), bọ́tìnì, rílè tí kò sé dáadáa, àti ibi tí MOSFET ti fara kan heatsink (irin tó ń fa ooru kúrò). Ṣí tape náà kí coating tó le tán, tó bá ti le, á fà á ya kúrò lára bọ́ọ̀dù.